Ẹ jókòó ná kẹ́ ẹ tó ra ère: bí mo ṣe ń yan ọ̀ṣọ́ sínú ọgbà òdòdó ilé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Nígbà tá a kó délé tuntun, ǹkan àkọ́kọ́ tí mo rà síwájú ilé kì í ṣe òdòdó, kì í ṣe koríko, kìnìún méjì ni, kìnìún símẹ́ńtì, mo rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí pẹ̀lú ẹyẹ idì àti áńgẹ́lì, orí mi wú, mo ní kí wọ́n bá mi kó o sí búùtù. Màámi wá kí wa, wọ́n wo kìnìún, wọ́n wo ilé, wọ́n ní "Ṣé ààfin lẹ kọ́ ni?" Ilé yàrá mẹ́ta o! Kò tíì pé ọdún kan tí ọmọ àbúrò mi gun ọ̀kan nínú wọn tí ẹsẹ̀ kìnìún náà fi kán, ìgbà yẹn la tó rí i pé kò sí irin kankan nínú ẹ̀, símẹ́ńtì àti yanrìn lásán ni. Ọmọ ò ṣèṣe, a dúpẹ́.

Látìgbà yẹn, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí pé kí lòun lè rà sínú ọgbà òdòdó òun, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ má tíì ra ǹkan kan. Ẹ gbé àga rọ́bà kan síta fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jókòó láàárọ̀, ẹ jókòó ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ sún un síbí, ẹ sún un sọ́hùn-ún. Ẹ máa rí i pé ibì kan wà tí oòrùn ọ̀sán ń gbá yín lójú láti ìwọ̀ oòrùn, ibì kan wà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń gbà wọlé, ibì kan sì wà tí atẹ́gùn ń fẹ́ tẹ́ ẹ ò ní fẹ́ dìde. Ibẹ̀ ni ìjókòó máa wà. Ohun tí ojú yín bá ń bá pàdé nígbà tẹ́ ẹ bá gbórí sókè níbẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ gidi máa dúró sí, ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀ṣọ́ yòókù á máa tẹ̀ lé e ni, bí wọ́n bá tiẹ̀ pọn dandan.

Ẹ tún wo ilẹ̀ yín dáadáa. Pláàtì tí wọ́n ń wọ̀n fún wa ní Ìbàdàn níbí sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní òró, tí ẹ bá yọ ilé, ibi tí mọ́tò ń gbà, táńkì, kànga àti sókàwé kúrò, ohun tó kù ò tó ǹkan tẹ́ ẹ máa kó gbogbo ọjà lé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ère tàbí àtíbàbà lé orí sókàwé. Mo mọ ẹni tó ṣe é, ó ní ibẹ̀ ló tẹ́jú jù, ọjọ́ tí sókàwé kún tí àwọn tó ń kó o dé, wọ́n fi díígà fọ́ gbogbo ìntálọ́ọ̀kì tó tẹ́ síbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè gbé síbẹ̀ ni ìkòkò òdòdó tí èèyàn méjì lè gbé kúrò.

Ọ̀rọ̀ àtíbàbà wá kàn. Gazebo ni wọ́n ń pè é báyìí, tó bá jẹ́ òpó àti igi ìdábùú lásán tí kò ní òrùlé, tí òdòdó máa fà lé lórí, wọ́n á ní pergola. Fún èèyàn mẹ́fà tó máa jókòó yí tábìlì ká, ẹ má ṣe é kó kéré sí mítà mẹ́ta ní ìbú àti mítà mẹ́ta ní òró, torí ẹni tó bá sún àga sẹ́yìn láti dìde máa bá ara ẹ̀ nínú òdòdó. Gíga ẹ̀ ńkọ́, mítà méjì àtààbọ̀ ó kéré tán, gèlè àwọn ìyá wa nìkan ti tó ìdí.

Igi tẹ́ ẹ bá lò ló máa sọ iye ọdún tó máa lò. Ìrókò, apá, tíìkì, wọ̀nyẹn lè fara da òjò. Afárá pọ́ọ́kú díẹ̀, kápíńtà sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ó rọ̀ láti gé, àmọ́ igi inú ilé ni, tẹ́ ẹ bá kó o síta ó máa rà, ikán ò sì ní jẹ́ kó tiẹ̀ rà tán kó tó jẹ ẹ́. Ìgikígi tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ tààrà, ìyẹn làṣìṣe tí mò ń rí jù. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà kó da kọnkéré sí i, kí wẹ́dà ṣe irin tó máa di ìdí òpó mú, kí igi wà lókè díẹ̀ sí kọnkéré kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ ẹ̀. Ikán tó bá fẹ́ gun òkè, ẹ máa rí ilà ilẹ̀pẹ̀ tó fà lára irin kó tó débi igi. Kápíńtà míì máa ní ká fi kọ́ńdẹ́m ọ́ìlì pa á lára, lóòótọ́ ikán ò fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó ń pa òdòdó, ó sì máa bá aṣọ àlejò yín lọ sílé, ẹ ra òògùn igi tí wọ́n ń tà ní gálọ́ọ̀nù jàre.

Tówó ò bá tó, ọparun dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju irin lọ gan-an. Kìkì pé ẹ máa bi ẹni tó gé e pé ìgbà wo ló gé e. Èyí tí wọ́n gé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó gbó, tí wọ́n rì sódò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oje inú ẹ̀ lè jáde, òun ló ń pẹ́, torí oje yẹn ni kòkòrò ń wá. Tẹ́ ẹ bá ń rí ìyẹ̀fun tó ń jábọ́ lára ọparun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kòkòrò ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Òrùlé koríko ńkọ́? Ó rẹwà, ó tutù, bẹẹrẹ ṣáà ni wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ tí wọ́n tún fi ń ṣọdún Bẹẹrẹ, àmọ́ lásìkò ọyẹ́ tí gbogbo ǹkan gbẹ tí aládùúgbò sì ń sun pàǹtí lẹ́yìn fẹ́ǹsì, èmi ò lè sùn. Àwọn tó ń dáná sùyà lábẹ́ ẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló ń ṣọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá fi páànù bò ó dípò ẹ̀, ẹ fi bóòtù dè é, kì í ṣe ìṣó lásán, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin máa ń wá dán an wò.

Wàyí o, ère. Kìnìún tí mo rà yẹn, kì í ṣe ǹkan àná nílẹ̀ Yorùbá o. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, ẹ máa rí kìnìún símẹ́ńtì lára àwọn míì, lórí òpó géètì tàbí lókè ojú ilé. Ohun tó jẹ́ kó bá ilé wọ̀nyẹn mu ni pé bíríkìlà tó kọ́lé ló mọ ère náà mọ́ ọn, ó mọ bó ṣe ga tó àti ibi tí wọ́n á ti máa wò ó. Tèmi ò níbi tó ti wá, ó kàn jókòó síwájú ilé bí àlejò tí wọn ò tíì fún lómi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tí símẹ́ńtì lè ṣe, ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kọ sára ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Susanne Wenger, ará Austria tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ló mọ àwọn ère yẹn, Adébísí Àkànjí wà lára wọn, iṣẹ́ bíríkìlà ló sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe egungun àwọn ère ńlá símẹ́ńtì ibẹ̀, síbẹ̀ náà òjò ò gbà fún wọn, wọ́n ní láti máa tún wọn ṣe. Ohun tó wọ̀ mí lójú jù nínú iṣẹ́ Àkànjí ni àwọn ògiri símẹ́ńtì tó ní ihò lára, tí èèyàn àti ẹranko wà nínú ẹ̀ tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Ìyẹn ló fún mi ní ọgbọ́n tí mo fi tún ọgbà mi ṣe: dípò kí n ra ère mẹ́ta, mo ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù alálùú kọ́ ògiri kékeré kan tí ò ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, ó bo okùn aṣọ àti jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀, òdòdó fà sí i lára, òun lojú mi ń wò báyìí látorí àga. Ọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa kọ́kọ́ wá irú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ère náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí orí irin nínú ìdí ẹ̀, ẹ bi oníṣẹ́ pé irin wo ló wà nínú ọwọ́, ọrùn àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kán. Tí irin bá yọ síta lára ẹ̀, ẹ má rà á, omi máa wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà, á wú, símẹ́ńtì á sì là. Kẹ́ ẹ sì rántí pé kọnkéré wúwo, kíúbíìkì mítà kan ń lọ sí nǹkan bí 2,400 kílò, ère tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wúwo tó ọkùnrin méjì, ẹ ṣe ìpìlẹ̀ pẹrẹsẹ fún un, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Àwọ̀ funfun báú báú máa ń wu èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá ti ri òjò ọdún kan tán, ara ẹ̀ á máa hu ǹkan aláwọ̀ ewé, erukú ọyẹ́ á wá jókòó lé e. Àwọ̀ símẹ́ńtì fúnra ẹ̀ tàbí àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni mo fara mọ́.

Ìkòkò amọ̀ lèmi máa fi ṣáájú ère nígbàkígbà. Ó dọ́wọ́ yín bóyá Ìpetumodù lẹ ti máa rà á, tàbí Ìsàn-Èkìtì, tàbí ẹbu ìkòkò Dada ní Òkèlele, Ìlọrin. Ẹ fi ìka kàn án: tó bá dún gbà-à-à bí agogo, ó jiná, tó bá dún kọ̀ bí ẹní ń kan pákó, ó ti sán tàbí kò jiná, tí òjò bá sì pa á tó á máa re. Ẹ lu ihò sí ìdí ẹ̀, ẹ fi òkúta wẹẹrẹ gbé e sókè. Àmù ìyá yín àgbà tó sán tí wọ́n ti fi sẹ́yìn ilé, ọlọ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, wọ̀nyẹn ò ná yín ní kọ́bọ̀, wọ́n sì ní ìtàn. Odó igi nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, ikán ń dúró dè é.

Ẹ̀rín kan rèé o. Mo gbé àmù síbi igun kan, mo gbin pẹ̀rẹ́gún yí i ká torí pẹ̀rẹ́gún kì í kú, ó sì ń dúró ṣinṣin. Àlejò kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, ó wo ibẹ̀, ó dákẹ́, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé kò séwu. Ojúbọ ló rò! Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ni yín lára, ẹ gbin ǹkan míì sí ìdí ìkòkò. Èmi ò fà á tu.

Fọ́ńtéènì, màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní kúkúrú torí inú ṣì ń bí mi. Èyí tí mo rà, pọ́ńbù sólà tí kò ní bátìrì ló wà nínú ẹ̀, oòrùn ló ń fi ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé ọ̀sán gangan tí mo wà níbi iṣẹ́ ló ń ru omi, ìrọ̀lẹ́ tí mo bá jókòó, ó ti kú. Omi wá dúró, ẹ̀fọn wá. Nínú ooru tiwa, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni ẹyin ẹ̀fọn ń di èyí tó ń fò, torí náà ẹ da omi nù kẹ́ ẹ fọ inú ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kó ọmọ ẹja epìyà díẹ̀ sí i kí wọ́n máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe èyíkéyìí, ẹ má rà á.

Òkúta ńlá ńlá tí wọ́n ń kó jọ bí òkè kékeré náà, ẹ má kó o sẹ́bàá fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, ejò àti àkeekèé ń wá ilé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ńkọ́, mítà kan ó lé díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un, kí ẹni tó gbé kúlà lọ́jọ́ ìnáwó lè kọjá lára ẹni tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kí omi lọ, kì í ṣe sábẹ́ ògiri ilé. Iná sólà kéékèèké dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, àmọ́ ẹ ra èyí tẹ́ ẹ lè tú láti pààrọ̀ bátìrì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa nu ojú ẹ̀ nígbà ọyẹ́, erukú ni kì í jẹ́ kó mú iná.

Nǹkan bí oṣù kọkànlá tí òjò bá ti lọ tán ni mo máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì àti omi, màá fọ gbogbo wọn, màá fi sípánà kan bóòtù òrùlé wò, màá tún òògùn fi pa ìdí òpó. Kìnìún tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo ti fún ẹ̀gbọ́n mi tó ní géètì ńlá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn táńkì, òun ni mo ń ká họ́ọ̀sì mọ́ lọ́rùn.