Bí A Ṣe Ń Lo Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú tó wà lórí fóònù yín, lẹ́yìn náà kí ẹ tan Wi-Fi nìkan padà, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ náà ni ẹ óò lò. Bí ẹ bá ti yan orúkọ rẹ̀, ojú ìwé tí ẹ óò ti sanwó tàbí forúkọ sílẹ̀ yóò yọ. Bí kò bá yọ, ẹ pa VPN, ìyẹn ètò orí fóònù tó ń fi ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́, ná, torí ó sábà máa ń dí i lọ́wọ́.

Áńtẹ́nà kan wà lórí òrùlé ọkọ̀ náà tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì kan jìnnà tó nǹkan bí 35,786 kìlómítà sókè, ìdí nìyí tí ìdáhùn fi máa ń pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìpè olójú-kojú sì máa ń já. Àwọn ti Starlink, iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń lo sátẹ́láìtì, kò ju nǹkan bí 550 kìlómítà lọ, wọ́n sì yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń gba tiwọn láti ara òpó orí ilẹ̀, èyí tí kì í ṣiṣẹ́ lórí agbami òkun.

Gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń pín ìwọ̀nba íntánẹ́ẹ̀tì tó wà. Ní tèmi, ilé ni mo ti máa ń gba fídíò sórí fóònù.