Òjìji Ni Kẹ́ Ẹ Máa Wò

Bí mo bá ti Àkúrẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá, sónà mi (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ìsàlẹ̀ odò lápá ọ̀tún àti òsì ọkọ̀) kì í gbẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo máa ń so apá rẹ̀ tó ń gbé ìró jáde mọ́, kó jìnnà sí ìfóòfó ẹ́ńjìnnì. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, kìlómítà 5 sí 8 ní wákàtí, lọ́nà tààrà. Tẹ́ ẹ bá yí, àwòrán á wọ́. Ìró 455 kHz (ìyẹn bí ìró ṣe ń yára gbọ̀n tó) ń ríran jìnnà, 800 kHz ń fi nǹkan hàn kedere.

Ìlà dúdú tó wà láàárín àwòrán náà, omi lásán ni. Ohun tó le máa ń tàn yòò, ẹrẹ̀ máa ń ṣú. Àmọ́ inú òjìji, ibi dúdú lẹ́yìn nǹkan tí ìró ò dé, lọ̀rọ̀ wà. Tó bá gùn, nǹkan náà yọ sókè nìyẹn (bó bá jìnnà sí ọkọ̀, ó tún ń gùn sí i).

Lọ́jọ́ kan, mo rí ohun kan tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní igi ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń tukọ̀ ní, "Àbúrò, irú igi wo ló ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó bára mu?" A padà gba òdìkejì kọjá: ọkọ̀ tó rì ni, òjìji egungun ìhà rẹ̀ tò bí eyín òòyà. Ẹ tètè fi àmì sí i lójú ẹ̀rọ, kí odò tó gbé yín kọjá.