Bí Mo Ṣe Yan Ìbọn Ọdẹ Kúkúrú Onígi

Mo kúrú, apá mi náà kò gùn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbọn, ṣùgbọ́n n kò ronú kàn án. Ìbọn ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń lò nígbà tí a bá jọ lọ sígbó. Wọ́n ga, ìbọn náà sì bá wọn mu. Ní tèmi, bí mo bá gbé e lé èjìká, àfi kí n na ọrùn bí ìjàpá kí ojú mi tó bá awò orí rẹ̀. Kí n tó tún ara ṣe tán, àgbọ̀nrín ti wọgbó.

Nígbà tí ìwé àṣẹ tèmi jáde, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ ìbọn kúkúrú tó fúyẹ́, tó ní bóòtù, ìyẹn irin tí à ń gbé sókè, tí à ń fà sẹ́yìn, tí a sì ń tì padà kí ọta mìíràn tó wọlé. Mo sì fẹ́ kí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n mi ní rọ́bà ni kí n rà, ọ̀rọ̀ wọn sì nídìí. Igi máa ń mu omi. Ó ní ìgbà kan tí òjò na ìbọn wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, igi rẹ̀ wú, ó ń ti ọ̀pá irin láti ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ọta sì ń bọ́ sápá òsì ibi tí wọ́n fojú sùn. Síbẹ̀, igi kì í tutù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lówùúrọ̀ bíi rọ́bà, bí ẹ̀ka bá sì họ ọ́, kì í dún bí agolo òfìfo. Ká má parọ́, ó tún lẹ́wà.

Mo ká apá mi kò, mo wọn inú ìgbọ̀nwọ́ títí dé oríkèé ìka tí mo fi ń fa ìbọn: sẹ̀ǹtímítà 32. Ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ máa ń tó 34 sí 36 láti ibi tí à ń fà dé ìparí ìdí. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe òfin o, nítorí aṣọ òtútù nìkan lè fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ ìdí tí ọrùn fi ń dùn mí.

Mẹ́ta ló kù nínú àwọn tí mo gbé wò. CZ 527 Carbine tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Czech ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.7 lọ, bóòtù rẹ̀ kéré bí ohun ìṣeré. Ọta 7.62x39 tó ń lò dára fún ìtòsí, àmọ́ bó bá ti kọjá mítà 150, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ohun tó wá mú mi gbé e sílẹ̀ ni ìdènà rẹ̀, tó lòdì sí ti ọ̀pọ̀ ìbọn: bí o bá tì í síwájú, ìbọn tì, bí o bá fà á sẹ́yìn, ó ṣetán láti yìn. Ẹni tí kò ní ìbọn mìíràn yóò tètè mọ́ ọn lára. Èmi tí mo ṣì máa ń di ìbọn ẹ̀gbọ́n mi mú, n kò fẹ́ kí àtàǹpàkò mi ní ìwà méjì.

Ó ku Ruger M77 Hawkeye Compact àti Browning X-Bolt Micro Midas. Igi wọ́nọ́ọ̀tì ni ìdí àwọn méjèèjì, wọ́n sì gé e kúrú fún irú wa. Olùtajà kan fẹ́ fi ìbọn .300 Winchester Magnum, tí ọta rẹ̀ lágbára gan-an, lé mi lọ́wọ́ dípò wọn, ó ní n kò mọ ohun tí mo lè bá pàdé. Èmi mọ̀: àgbọ̀nrín ni, kì í sì í jìn ju mítà 100 lọ. Bí ìbọn bá ti fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ta èjìká tó. Ọta 7mm-08 ni mo mú, èyí tí Remington gbé jáde ní 1980, tí wọ́n fi ìkòkò ọta .308, ìyẹn idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fún lọ́rùn ṣe. Kì í ta ni tó .308.

A gbé méjèèjì lọ síbi ìdánrawò. Ọ̀pá Ruger jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42, gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 90 lọ. Nínú igbó dídí, bí ẹní mú kùmọ̀ dání ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kúkúrú máa ń pariwo, iná a sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo bo etí, síbẹ̀ ara mi ń já. Ẹ̀gbọ́n mi wá kó ọta òfìfo mọ́ ọta gidi láìsọ fún mi. Nígbà tí mo fa òfìfo, ìbọn kò dún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ta wìì sílẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti ń sá fún ariwo kó tó dé.

Ọ̀pá Browning jẹ́ 51. Mo fa òfìfo tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò mì. Ìdènà rẹ̀ wà lẹ́yìn bóòtù gan-an, lábẹ́ àtàǹpàkò, bóòtù náà kò sì ní kí n gbé ọwọ́ ga, nítorí náà n kì í gbá awò. Mo fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án ra ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nílé, mo tú igi rẹ̀, mo fi fáníṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun inú rẹ̀ níbi tí kò hàn síta, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Mo kì bébà sáàárín igi àti ọ̀pá, ó kọjá wẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ tún awò tò ní mítà 25, lẹ́yìn náà ní 100, níbi tí ọta mẹ́ta ti wọ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kí àwọn náà yìn ín wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yìn ín. Àtàǹpàkò wọn gbá wọn nímú. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ń nu omi ojú: "Gba ìbọn rẹ, jàre."