Bí a ṣe lè mọ ibi tí ìròyìn gbè sí nínú ìjà ẹ̀tọ́ ìpẹja

Ẹ wá ìròyìn mẹ́ta lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Ìjà lórí lọ́bístà (ẹran omi tó jọ edé ńlá) tó wáyé ní Nova Scotia, ní Kánádà, lọ́dún 2020 ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, láàárín àwọn Mi'kmaq, ọmọ onílẹ̀, àti àwọn apẹja oníṣòwò tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan láti CBC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti gbogbogbò ní Kánádà, ọ̀kan láti ìwé ìròyìn àdúgbò, ọ̀kan láti APTN, tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Kí gbogbo wọn jẹ́ ti ọjọ́ kan náà.

Kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kánjú níbí o, torí ibẹ̀ ni ojúsàájú máa ń sá pamọ́ sí jù. Akọ̀ròyìn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 17 September 2020, ọjọ́ tí àwọn Mi'kmaq ti Sipekne'katik, ọ̀kan lára àwùjọ wọn, bẹ̀rẹ̀ ìpẹja tiwọn ní St. Marys Bay, apá òkun kan níbẹ̀, yóò jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ṣàdédé tẹ òfin lójú, nítorí àsìkò àwọn oníṣòwò kì í ṣí níbẹ̀ títí di ìparí November. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 17 September 1999 yóò sọ pé ọjọ́ yẹn ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Donald Marshall Jr. láre, ọmọ Mi'kmaq tó pa ẹja tó gùn bí ejò, tó sì tà á láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá padà sẹ́yìn dé 1760 yóò kan ìwé àdéhùn tí ìdájọ́ náà dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó bóyá ó mẹ́nu ba àlàyé November 1999, tí ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ pé ìjọba lè fi òfin de ẹ̀tọ́ tí àwọn Mi'kmaq ní láti pẹja tà yìí bó bá ní ìdí gúnmọ́, bíi kí ẹja má bàa tán. Ẹni tó fo ìyẹn náà ti gbè.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ní 17 October 2020, iná jó ilé kan tí wọ́n ń kó lọ́bístà àwọn Mi'kmaq sí ní Middle West Pubnico. "Ilé lọ́bístà jóná." "Wọ́n dáná sun ilé lọ́bístà." Ẹ tún wọn kà. Ti àkọ́kọ́ kò ní ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan. Akọ̀ròyìn lè fẹ́ dúró de ọlọ́pàá kó tó sọ ti kejì, ìyẹn kò burú. Àmọ́ ṣé ó ṣọ́ra bẹ́ẹ̀ fún àwọn Mi'kmaq, àbí ó ti pe tiwọn ní "ìpẹja tí kò bófin mu" láìdúró de adájọ́?

Ẹ ka iye ẹni tó sọ̀rọ̀ níhà kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí wọ́n fún ní gbólóhùn ìkẹyìn.

Bí wọ́n bá ní ẹja fẹ́ tán, ẹ wá iye ìgèrè. Ìwé àṣẹ Sipekne'katik kọ̀ọ̀kan gba ìgèrè 50. Ọkọ̀ oníṣòwò kan lágbègbè náà ń lo 375 sí 400, ìwé àṣẹ wọn sì lé ní 900. Àwọn oníṣòwò ní tiwọn sọ pé àsìkò tí lọ́bístà ń bọ́ èèpo ni, pé kò yẹ kí wọ́n pa á nígbà náà. Ìròyìn tó péye á gbé méjèèjì síwájú yín.

Ọkàn tèmi wà lọ́dọ̀ àwọn Mi'kmaq. Nítorí náà, ìròyìn tó bá dùn mọ́ mi jù ni mo máa ń fi bírò pupa yẹn tún kà lẹ́ẹ̀kejì.