Géèmù fún ẹni tí èémí kì í tó
Ẹ̀yin ará, bí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò bá jẹ́ kí àgbàlagbà yín lè rìn níta nígbà ọyẹ́, ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá géèmù tí a ń fi ara darí, irú Wii tó jáde ní 2006, lè kún eré ìdárayá rẹ̀. Ní ilé wa ní Iléṣà, Màmá a máa fi í yí bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n (wọn kì í sì í fẹ́ pàdánù), àga wà lẹ́yìn wọn, a ti ká ẹní kúrò nílẹ̀. Imú ni wọ́n fi ń fa èémí, wọn a sì ṣu ètè jọ bí ẹni ń fẹ́ná láti tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé, kí èéfín rẹ̀ má baà wọlé bá wọn.