Dọ́là 400 tí mo san kí n tó dé Rotorua

Nítorí panla àti ìrù, wọ́n gba dọ́là 400 lọ́wọ́ mi ní New Zealand kí n tó fojú kan omi gbígbóná ìlú Rotorua tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Èkìtì ni mí, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo ń gbé. Omi Ìkógòsì ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ń gbé lórí ilẹ̀ tó ń hó, tí wọ́n ń fi ooru rẹ̀ se oúnjẹ, mo ní dandan ni kí n débẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé tí mo máa sùn kò yọ mí lẹ́nu rárá.

Fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ń béèrè bóyá èèyàn gbé oúnjẹ tàbí bàtà tí erùpẹ̀ wà lára rẹ̀ dání. Ojúlùmọ̀ mi kan tó ní òun ti lọ rí sọ pé kí n kọ "rárá", pé oúnjẹ gbígbẹ kò sí lára ohun tí wọ́n ń wá. Mo gbà á gbọ́. Bí mo ṣe ń fa báàgì mi lọ, ajá kan wá jókòó tì í, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n ní kí n tú u. Panla, ẹ̀gúsí, gàrí, ìrù tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé. Obìnrin tó dá mi dúró ń tò wọ́n kalẹ̀, ó ń béèrè orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ìrù, mo ní èso igi igbá ni, a sè é, a bò ó títí ó fi yí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bi mí ìdí tí mo fi kọ "rárá". Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n gba ẹrù, wọ́n sì bu ìtanràn 400 lé mi lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kòkòrò àjèjì lè ba oko wọn jẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé, ká ní mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni", wọn ì bá kàn yẹ ẹrù náà wò, kí wọ́n mú èyí tí wọn ò fẹ́, láì gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ì báà jẹ́ bisikíìtì lásán. Kí n tó jáde, bọ́ọ̀sì mi ti lọ. Mo tún ra tíkẹ́ẹ̀tì òmíràn.

Rotorua ń rùn bí ẹyin òbu. Imí ọjọ́ ni. Ní Whakarewarewa, abúlé Māori kan níbẹ̀, èéfín ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn èèyàn. Ẹ̀yà Māori tí wọ́n ń pè ní Tūhourangi Ngāti Wāhiao ló ni ibẹ̀. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Tarawera bú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1886, tó bo abúlé àwọn Tūhourangi mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ ìbátan wọn níbí ni àwọn tó yè sá wá. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà tó ń mú wa kiri, ó gbé mi dìde, ó fi imú kan imú mi, iwájú orí kan iwájú orí. Hongi nìyẹn, bí àwọn Māori ṣe ń kí èèyàn. Omijé bọ́ lójú mi.

Wọ́n ki àgbàdo sínú àpò, wọ́n rì í sínú adágún Parekohuru, ó jinná. Pōhutu, orísun omi gbígbóná kan níbẹ̀, ń tú omi sókè tó mítà 30 fúnra rẹ̀; ó wù mí ju irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lady Knox lọ, èyí tí wọ́n ń da ọṣẹ sí ní agogo 10:15 àárọ̀ kó tó tú. Bí owó bá ti tán lọ́wọ́ yín bíi tèmi, ọ̀fẹ́ ni Kuirau Park, ẹrẹ̀ ń hó níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìrù mi fún ìyá náà. Ó ní àwọn náà ní kānga pirau, àgbàdo tí wọ́n ń rẹ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí yóò fi máa rùn, pé àwọn àgbà ò lè ṣe kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ká ní wọn ò gba ìrù yẹn, ǹ bá fún un ní ọ̀rá kan.