Bí a ṣe ń kán oògùn eégbọn sí ajá lára

Bí ajá yín bá ṣàdédé kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí erìgì rẹ̀ funfun, tó sì ń tọ̀ pupa bí omi sobo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eégbọn ló kó àìsàn bá a. Kòkòrò àrùn Babesia tó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ àti Ehrlichia tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ funfun, ẹnu eégbọn ni wọ́n ń gbà wọlé. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ẹran, nítorí oògùn kíkán kì í wo àìsàn. Eégbọn ló ń pa.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ajá. Bí kò bá gbà kó dúró, ẹ gbé e, kí ẹ jọ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Nínú oògùn fipronil tí wọ́n ń tà fún ajá, 0.67 ml ni ti ajá kílò 2 sí 10, 1.34 ml ni ti 10 sí 20, 2.68 ml ni ti 20 sí 40. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣa eégbọn ara rẹ̀.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ títí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rá ara ajá ló ń gbé oògùn náà káàkiri, ọṣẹ sì ń ṣí i kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò rèé: orí irun ni wọ́n ń da oògùn sí. Ẹ ya irun àárín èjìká rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ títí awọ yóò fi hàn, níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé. Ẹ fi ẹnu ike oògùn kan awọ gan-an, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ pa á. Kí àwọn ọmọdé má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ. Bó bá pé oṣù kan, ẹ tún un kán.

Bí ológbò bá wà nílé, ẹ ka ara páálí dáadáa. Permethrin, èròjà tó wà nínú oògùn eégbọn mìíràn, tí kò ṣe ajá ní nǹkan kan, lè pa ológbò. Ní ti àwọn tó ń po Sniper mọ́ omi wẹ ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ajá á lá a, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara á máa gbọ̀n, ó sì lè gbabẹ̀ kú.

Ó ku ilé ajá. Eégbọn tó bá ti yó á já bọ́, á gun ògiri lọ yé ẹyin rẹpẹtẹ sínú ibi tó sán. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ibẹ̀, kí ẹ sì dáná sun àkísà tí ajá ń sùn lé.